Owó Kírípítò Tó Bá Ọ̀nà Mìíràn Lọ: Ǹjẹ́ A Lè Rí I Gbà Padà?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Kì í ṣe owó inú ìgbànú, kì í ṣe owó báńkì, owó orí fóònù tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kírípítò ni. Àwọn kan nínú yín lè sọ pé, "Kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Ata ni mò ń tà." Ẹ dákun, ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá. Ọmọ tó wà ní Kánádà tàbí ní Ìlú Ọba lè fi owó iléèwé àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́nà yìí. Ẹni tó ń bá wa kó ọjà láti Ṣáínà lè ní òun kò fẹ́ gba nǹkan mìíràn. Owó ọjà wa ti ń bá ọ̀nà yìí rìn, yálà a mọ̀ tàbí a ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tààrà: a ò ní kẹ́ ẹ lọ ra kírípítò o, a ò sì ní kẹ́ ẹ má rà á. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí owó náà ṣe ń ṣìnà, ibi tó ń wà nígbà tó bá ṣìnà, àti bí a ṣe lè wá a. Ìdí ni pé ẹni tí owó rẹ̀ bá ṣìnà, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn gbájúẹ̀ ń dúró sí. Owó tí ì bá ṣeé rí gbà, wọn á gbà á tán pátápátá.

KÍ NI NẸ́TÍWỌ̀Ọ̀KÌ?

Gbogbo wa la mọ ìwé alájọ. Alájọ máa ń kọ ohun tí oníkálukú dá sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan sì ni ìwé náà wà. Bó bá sá lọ, ó parí. Ẹ wá rò ó pé ìwé kan wà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí gbogbo wọn jọ ń kọ ọ́, tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní blockchain. Bitcoin ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo ló wà mọ́. Ethereum bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2015, Tron ní 2018, BNB Smart Chain ní 2020. Àwọn mìíràn tún wà. Ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé Tron, ìwé Ethereum kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ìwé kọ̀ọ̀kan yìí ni à ń pè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa oníṣòwò ni USDT. Ilé iṣẹ́ Tether ló ń ṣe é láti 2014, wọ́n sì ṣe é kí ẹyọ kan lè máa jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ibi tí wàhálà wà nìyí: USDT wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì púpọ̀. Èyí tó bá ọ̀nà Tron lọ ni wọ́n ń pè ní TRC20. Ti Ethereum ni ERC20. Ti BNB Smart Chain ni BEP20. Orúkọ owó kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ẹ fi wé ẹrù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Adó. Bí ẹ bá gbé àpò gàrí sínú mọ́tò Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà Àkúrẹ́ ló mórí lé. Bí ẹ bá gbé e sínú mọ́tò Ìfàkì, ọ̀nà Ìwòrókò ló bá lọ. Gàrí kan náà, àpò kan náà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà yín bá ń dúró ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, tí ẹrù sì ti lọ sí Ìfàkì, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Gàrí náà kò sọnù o. Ó wà ní Ìfàkì. Ṣùgbọ́n ta la ní ní Ìfàkì tó lè bá wa gbà á? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lónìí.

BÍ ÀṢÌṢE ṢE Ń WÁYÉ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ ń retí 300 USDT lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Àbúrò ọmọ náà, tó wà ní yunifásítì níhìn-ín, ló ń bá ìyá tẹ fóònù. Ó ṣí àkáǹtì ìyá lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ra kírípítò tó sì ń tà á, ó da àdírẹ́ẹ̀sì kọ, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí WhatsApp. Àdírẹ́ẹ̀sì ti Ethereum ni, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí i pé owó ọkọ̀ BEP20 kéré sí ti ERC20, ó yan BEP20. Fóònù tirẹ̀ sọ pé owó ti lọ. Lórí fóònù ìyá, òfo. Wákàtí kan, òfo. Ilẹ̀ mọ́, òfo. Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì, ẹni tó fi ránṣẹ́ ń sọ pé òun fi ránṣẹ́, ẹni tó ń retí ń sọ pé kò dé. Àwọn méjèèjì ò sì parọ́.

Kí ló dé tí fóònù kò kọ̀ ọ́? Ìdí ni pé àdírẹ́ẹ̀sì Ethereum, ti BNB Smart Chain àti ti Polygon jọ ara wọn bí ìbejì. 0x ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 42 lápapọ̀. Ti Tron yàtọ̀: T ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 34. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi owó Ethereum ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì Tron, ẹ̀rọ á sọ fún un pé àdírẹ́ẹ̀sì yìí kò tọ̀nà, owó rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì ti jọra. Ilé nọ́ńbà 7 wà ní Ìkẹ́rẹ́, ilé nọ́ńbà 7 wà ní Ìfàkì. Dírẹ́bà tí ẹ sọ nọ́ńbà ilé fún láìdárúkọ ìlú, kò ní bi yín léèrè mọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ èyí. Àwọn owó kan, bíi XRP, máa ń béèrè nọ́ńbà kékeré kan pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ń pè é ní memo tàbí tag. Àdírẹ́ẹ̀sì kan ni gbogbo oníbàárà ilé iṣẹ́ náà jọ ń lò, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ẹni tó ni owó. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, owó á dé ilé, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ẹni tí wọn á fún.

OWÓ NÁÀ KÒ PÒÓRÁ

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú ṣinṣin nìyí. Bí fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ bá sọ pé owó ti lọ, owó náà wà níbì kan, a sì lè fi ojú wa rí i. Ìrìnàjò owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ bíi rìsíìtì, wọ́n ń pè é ní TXID tàbí hash. Ó gùn, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló lè rí i lórí fóònù rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní in, ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ojú ìwé tó ń fi àkọsílẹ̀ hàn. Ti Ethereum ni Etherscan, ti Tron ni Tronscan, ti BNB Smart Chain ni BscScan. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Wọn ò béèrè orúkọ, wọn ò béèrè nọ́ńbà àṣírí kankan. Ẹ tẹ TXID náà sínú rẹ̀, ẹ óo rí iye owó, àdírẹ́ẹ̀sì tó ti kúrò, àdírẹ́ẹ̀sì tó dé, ọjọ́ àti wákàtí, àti bóyá ó yege tàbí kò yege. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò yege, owó kò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, owó ọkọ̀ nìkan ló bá a lọ. Bó bá yege, a mọ̀ pé ó ti gúnlẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í wé báńkì o. Bí ẹ bá fi náírà sí àkáǹtì tí kì í ṣe ti oníbàárà yín, ẹ lè sáré lọ sí báńkì, kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì kejì, kí wọ́n gbìyànjú láti dá owó náà dúró. Kírípítò kò ní máníjà tó lè fa ohun tí a ti kọ yọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó fi lè kúrò níbi tó wà ni kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn tún un fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù.

TA LÓ NÍ KỌ́KỌ́RỌ́?

Ìdáhùn mẹ́rin ló wà. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí tó jẹ́ tiyín.

Èkíní, kọ́kọ́rọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Èyí ni bí ó bá jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tiyín ni owó lọ, irú bíi Trust Wallet tàbí MetaMask, tí wọ́n fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 pé kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí i. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ohun ayọ̀ ibẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí ilé nọ́ńbà 7 ní Ìkẹ́rẹ́ àti ilé nọ́ńbà 7 ní Ìfàkì. Ẹ kàn ní láti fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí owó bá lọ kún èyí tí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín ń fi hàn, owó á yọjú. Kẹ́ ẹ tó lè gbé e kúrò, ẹ óo nílò owó ọkọ̀ díẹ̀ ní owó ìlú yẹn: BNB fún BNB Smart Chain, ETH fún Ethereum. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó yẹ kó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Nígbà tí Bitcoin Cash yapa kúrò lára Bitcoin ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àdírẹ́ẹ̀sì àwọn méjèèjì jọra. Àwọn ènìyàn ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ibi tó yẹ kí èkejì lọ. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn rí owó wọn yọ.

Èkejì, kọ́kọ́rọ́ lè wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ti ìyá aláṣọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ nìyí. Àdírẹ́ẹ̀sì tí ilé iṣẹ́ fún un, ilé iṣẹ́ ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìyá. Wọ́n lè ṣí i bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni fún wọn, kò sì pọn dandan kí wọ́n gbà. Àwọn kan ní fọ́ọ̀mù fún un. Àwọn kan ń gba owó iṣẹ́. Àwọn kan máa ń kọ̀ bí owó bá kéré, tàbí bí wọn kì í bá lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó bá lọ. Àpẹẹrẹ kan tó dára ni ti Coinbase ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n gbé ọ̀nà kan jáde tí oníbàárà lè fi gba àwọn owó orí Ethereum kan tí wọn kì í tà, tó wá bá àṣìṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí pé wọ́n ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oníbàárà, nọ́ńbà rìsíìtì ìrìnàjò owó ni wọ́n ń béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yín, inú ẹ̀rọ wọn gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Ẹ má wá nọ́ńbà wọn lórí Google tàbí Telegram. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún: TXID, orúkọ owó, iye rẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó bá lọ, àti èyí tó yẹ kó bá lọ. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín sínú ìwé, kẹ́ ẹ máa fi rán wọn létí.

Ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bóyá ọmọkùnrin tó máa ń bá wa ṣẹ́ ẹ sí náírà ni, bóyá oníbàárà wa ní Ṣáínà ni. Bó bá jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni, owó náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn lè má rí i ni. Ẹ fi àkọsílẹ̀ hàn án pẹ̀lẹ́tù, kó yí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ padà. Ẹ má kọ́kọ́ pè é lólè. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń gba irú owó yìí. Bó bá jẹ́ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ni, òun ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn, nítorí òun ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin kọ́.

Ẹ̀kẹrin, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn owó orí Ethereum àti àwọn tó jọ ọ́ ní àdírẹ́ẹ̀sì tí owó fúnra rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń pè ní contract. Àwọn mìíràn máa ń ṣèèṣì da àdírẹ́ẹ̀sì yẹn kọ, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń fi owó sí. Ní 2022, ẹnì kan fi owó orí Ethereum tó tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là ránṣẹ́ sí irú àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ń wò ó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú un jáde. Bó bá jẹ́ ibí yìí ni tiyín já sí, ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ là ń sọ: ó ti lọ. Ẹ má tún fi owó mìíràn wá a.

ÀWỌN ÀGBÀ PÀÁPÀÁ Ń ṢÌNÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí a kò kàwé tó ló fi ń ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2022, àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Optimism fẹ́ fi owó tiwọn tó ń jẹ́ OP, mílíọ̀nù 20, ránṣẹ́ sí Wintermute. Ilé iṣẹ́ ńlá ni Wintermute, òwò kírípítò ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Wintermute fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń lò lórí Ethereum. Orí Optimism ni owó náà sì bá lọ.

Ẹ óo ní, ṣebí kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí méjèèjì? Rárá, ilé tiwọn yàtọ̀. Ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, bí àpótí ẹgbẹ́ tí akápò àti akọ̀wé gbọ́dọ̀ jọ ṣí. Irú ilé bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ọ̀kan kó tó ṣeé ṣí. Wọ́n ti kọ́ ọ lórí Ethereum, wọn ò tíì kọ́ ọ lórí Optimism. Orí ilẹ̀ òfìfo ni owó balẹ̀ sí. Kí wọ́n tó parí ètò láti kọ́ ọ, ẹlòmíràn ti wọlé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ó kọ́ ilé náà ṣáájú wọn, ó sì kó mílíọ̀nù 20 náà. Ọpẹ́ ni pé ó dá mílíọ̀nù 17 padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù níbẹ̀ ni pé wọ́n dán an wò kí wọ́n tó fi gbogbo owó ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́. Wintermute wò ó, wọ́n ní àwọn ti rí i. Wọ́n rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbìyànjú láti mú un jáde. Ẹ̀yin ìyá wa, ojú lásán kò tó. Owó tí a fi dán ọ̀nà wò, ẹ ní kí wọ́n tà á sí náírà tàbí kí wọ́n dá a padà, kẹ́ ẹ tó gbà pé ọ̀nà mọ́.

ẸNI TÓ NÍ ÒUN LÈ BÁ YÍN GBÀ Á

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sórí Facebook tàbí Telegram pé owó yín ṣìnà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi dé. Á ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà. Á ní òun ní ẹ̀rọ tó ń wọ inú blockchain lọ fa owó yọ. Irọ́ gbuu ni. Ẹ ti gbọ́ ọ: kò sí ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ ló wà.

Ohun méjì ni wọ́n máa ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ 12 yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ni owó inú rẹ̀, àti èyí tó ṣìnà àti èyí tí kò ṣìnà. Kò sí ilé iṣẹ́ òótọ́ kankan tó máa ń béèrè rẹ̀. Ìkejì ni owó ṣáájú, tí wọn á pè ní owó orí, owó ìwé, owó ìdánimọ̀. Ẹ rántí CBEX tó wó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́, wọ́n ní kí wọ́n tún san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là kí àkáǹtì tó ṣí. Ẹni tó san án pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ gidi bá ṣe, wọ́n lè gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ wọn ni wọ́n ti ń gbà á, wọn kì í ní kẹ́ ẹ fi sí àkáǹtì ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ kún un nípa òfin. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 2021, báńkì àpapọ̀ wa, CBN, sọ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n má bá àwọn tó ń ṣe òwò kírípítò da nǹkan pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n tú u, wọ́n sì gbé ìlànà kalẹ̀. Ní 2025, òfin tuntun fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àjọ SEC. Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé bí ẹ bá máa lo ilé iṣẹ́ kan, ẹ lo èyí tó ní ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ẹnì kan bá sì lù yín ní jìbìtì, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC ni kẹ́ ẹ lọ pẹ̀lú TXID yín, kì í ṣe ọ̀dọ̀ gbájúẹ̀ mìíràn.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE

Bí owó bá ti ṣìnà:

1. Ẹ má tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ má pa wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ́ kúrò lórí fóònù.

2. Ẹ gba TXID lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó yege, àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó bá lọ.

3. Ẹ bi ara yín pé: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́ẹ̀sì yìí? Èmi ni, ilé iṣẹ́ ni, ẹlòmíràn ni, àbí kò sẹ́ni?

4. Ẹ lọ bá ẹni náà nìkan. Ẹ má pariwo rẹ̀ níta.

5. Ẹ má kánjú. Owó náà kì í bàjẹ́ bíi tòmátì. Níbi tó bá wà ló máa wà títí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á fi dé.

Kí owó tó ṣìnà rárá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́: "USDT ni o. TRC20 ni kó bá lọ. T ni àdírẹ́ẹ̀sì fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ fi dọ́là mẹ́wàá ránṣẹ́, kí o dúró dè mí." Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn ni tiyín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ bi ilé iṣẹ́ yín iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà, kí owó ìdánwò má baà kéré sí i. Ẹ wo lẹ́tà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ ní ìparí àdírẹ́ẹ̀sì, bóyá ó bára mu. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè sọ pé owó ọkọ̀ ìdánwò á pọ̀. Ẹ sọ fún un pé kò pọ̀ tó owó tó máa ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ti àwọn ọmọ tó ń bá wa tẹ fóònù. Wọ́n mọ fóònù jù wá lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa la mọ iye ọjọ́ tí a fi kó owó yẹn jọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, "Ọ̀nà wo ló ń bá lọ?" Bí wọn ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. A kì í gbé ẹrù fún dírẹ́bà láìbi í pé ibo ló ń lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣòfò o. Èrè wa á máa pọ̀ sí i, a ò ní fi owó wa sọ́wọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.